Discus Tó Ṣú Dúdú: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Sin Ẹja Nílé

Ẹni tó bá ń sin discus, ẹja pẹlẹbẹ tí a ń sin nínú táńkì fún ẹwà rẹ̀, bó pẹ́ bó yá, yóò jí lọ́jọ́ kan bá ẹja tó ń dán lánàá tó ti ṣú dúdú, tó ká ara rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ táńkì, tí kò tilẹ̀ bojú wo oúnjẹ. Oògùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn sílẹ̀ ná. Dúdú kì í ṣe orúkọ àìsàn kankan. Ìbẹ̀rù ń mú discus ṣú, omi tí kò dára ń mú un ṣú, aràn àti ìyà tí ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń jẹ ẹ́ náà ń mú un ṣú. Àní èyí tó fẹ́ yé ẹyin, tí nǹkan kan kò ṣe, ń ṣú. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì: ṣé ẹja kan ni àbí gbogbo wọn? Ṣé òjijì ló dé àbí díẹ̀díẹ̀?

Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, tó sì dé lójijì

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Odò gbígbóná agbègbè Amazon ni discus ti wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí omi rẹ̀ wà láàárín 28 sí 30°C. Ṣùgbọ́n bí omi bá ṣe ń gbóná tó ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù tó. Bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ bá kú lóru, ẹ ó bá wọn lójú omi lówùúrọ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi ni mímí náà bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí chlorine, oògùn apakòkòrò tó wà nínú omi ẹ̀rọ, tàbí kí omi tuntun náà tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ omi wò. Ammonia àti nitrite, oró tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá, gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Nitrate, tí nitrite ń yí padà sí, kò gbọdọ̀ pọ̀, kí ó má ju nǹkan bíi 20 mg lọ nínú lítà kan. Nitrite kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹja lè máa mí gúlegúle nígbà tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń hó ṣùùṣùù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ammonia sì ń le sí i bí omi bá gbóná, tí pH rẹ̀, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, sì ga. Ẹ má sọ fún mi pé omi yín mọ́ gaara: ojú kì í rí ammonia. Fílítà tuntun, tàbí èyí tí a fi omi ẹ̀rọ fọ̀ títí àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ fi kú, ló sábà máa ń fa á. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta omi sí ìdajì, kí ẹ fi omi tí ìgbóná rẹ̀ bá tàtijọ́ dọ́gba, tí ẹ ti pa chlorine inú rẹ̀, rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì.

Ohun kan wà tó jọ èyí tí kì í ṣe òun: omi dára, síbẹ̀ gbogbo wọn ṣú, wọ́n kó ara wọn jọ sójú kan, lẹ́bẹ́ wọn pa dé, ohun yíyọ̀ tó bo ara wọn nípọn ó sì ń bó. Bí ẹ bá ti mú ẹja tuntun wọlé láìpẹ́, àrùn tó ń ràn ni. Àwọ̀n àti rọ́bà tí ẹ lò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ kan táńkì mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló yẹ kí ẹja tuntun fi dá wà.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ wò wọ́n nígbà oúnjẹ. Ẹja tí wọ́n ń fìyà jẹ máa ń fẹ́ jẹun, lílé ni wọ́n ń lé e. Discus kì í gbé ní méjì mẹ́ta. Bí wọn kò bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, orí aláìlera kan ṣoṣo ni gbogbo ìjà ń já lé. Bí méjì bá ń fi ẹnu nu ara ewé tàbí gíláàsì, tí wọ́n ń gbọ̀n tí wọ́n sì ń lé àwọn yòókù, wọ́n fẹ́ yé ẹyin ni. Ẹ má da nǹkan kan sí omi wọn. Wọ́n á tún ṣú nígbà tí ọmọ bá ń jẹ ohun yíyọ̀ ara wọn, nítorí oúnjẹ àkọ́kọ́ ọmọ discus nìyẹn.

Èyí tó ń rù díẹ̀díẹ̀ ló ṣòro jù. Iwájú orí rẹ̀ á rì wọnú, á gba oúnjẹ sẹ́nu á tún pọ̀ ọ́ jáde, ìgbẹ́ rẹ̀ á funfun bí òwú. Nígbà mìíràn, ihò kéékèèké á yọ lórí rẹ̀. Ìgbẹ́ funfun nìkan kò tó ẹ̀rí o, torí ẹja tí kò jẹun náà ń yàgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí inú ìfun lè fà á, aràn náà lè fà á. Oògùn tó ń jẹ́ metronidazole ń pa ti àkọ́kọ́, kì í pa aràn. Ẹ gbé ìgbẹ́ tútù lọ bá dókítà ẹranko kó fi maikirosíkóòpù wò ó. Bí ẹja bá ṣì ń jẹun, inú oúnjẹ ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bá pa dé tó ń fi èkejì mí, tó ń fi ara ha nǹkan, kòkòrò ti dì mọ́ ibi tó fi ń mí. Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Kì í sábà pa ẹyin wọn, nítorí náà ẹ ní láti tún un lò.

Ẹ má ṣi àwọn àìsàn méjì yìí mú fún ara wọn: èyí tó dà bí hóró iyọ̀ káàkiri ara, àti funfun bí òwú lẹ́nu. Bí ẹ bá fi kún ìgbóná omi, ti àkọ́kọ́ máa ń gbọ́. Ti kejì, bakitéríà ni, ìgbóná ló sì ń mú un sáré. Ẹ má fi kún ìgbóná omi nítorí tirẹ̀.

Oògùn kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ lò, ní ìwọ̀n tó wà lára páálí rẹ̀. Ẹ yọ èédú inú fílítà kúrò, kí ẹ sì fi kún afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ gbé ẹja náà lọ láàyè, kí ẹ bu omi táńkì sínú ìgò lọ́tọ̀. Bó bá ti kú, ẹ fi sínú yìnyín, ẹ má jẹ́ kó dì, kí ẹ sì gbé e dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.