Bí Àṣà Kíka Ìròyìn Láàárọ̀ Kò Ṣe Ní Bá Bébà Lọ

Ìwé ìròyìn orí bébà ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2009, Christian Science Monitor ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣíwọ́ títẹ ẹ̀dà ojoojúmọ́. Lọ́dún 2016, The Independent ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Nígbà tó sì di ìparí oṣù kẹfà ọdún 2023, Wiener Zeitung ti ìlú Vienna, tó ti ń jáde láti ọdún 1703, tẹ ẹ̀dà ojoojúmọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìpolówó ọjà tí ọ̀pọ̀ wọn gbára lé ló ti ṣí lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí òǹkàwé dì mú kì í ṣe bébà. Ìwé ìròyìn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin: olóòtú ti ṣa ìròyìn, ó ti gbé èyí tó wúwo síwájú, bí ẹ bá sì ti dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó parí. Ti orí fóònù kì í tán, èyí tó ń múnú bíni ló sì sábà máa ń ṣíwájú.

Nítorí náà, ẹ yan ìwé ìròyìn kan, ó pọ̀ jù méjì, kí ẹ wò ó bóyá ó ní ẹ̀dà orí ẹ̀rọ tí wọ́n tò lójú ìwé lójú ìwé bíi ti orí bébà. Bí ẹ bá ti jí, ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ kì í sábà padà sídìí ìwé ìròyìn mọ́ kí iṣẹ́ òòjọ́ tó gbà á.

Ẹ wo gbogbo àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ wá mú ìròyìn kan tí ẹ ó kà délẹ̀. Akọ̀ròyìn sábà máa ń fi kókó sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, èyí ló jẹ́ kí àwọn yòókù ṣeé kà fìrí. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni a ti sábà ń bá àwíjàre ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pàdé, àgbà òṣìkà sì ni agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka èrò olóòtú àti lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Lórí bébà, èrò ní ojú ìwé tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ, ó lè wà láàárín ìròyìn gan-an, nítorí náà ẹ máa wo àmì tó yà á sọ́tọ̀. Ẹ má fo apá àtúnṣe, bó ti wù kó kéré tó, nítorí n kò lè gbọ́kàn lé ìwé ìròyìn tí kì í jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀.

Níbi tí wọ́n bá ṣì ti ń tẹ ẹ̀dà òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ra ìyẹn, kí ará ilé náà lè mú un kà, nítorí fóònù kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ohun tí à ń kà. Ní ti owó àsansílẹ̀, ẹ san ti oṣù kan ná, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ń kà á lóòótọ́, kí ẹ tó san ti ọdún kan.