Bí ẹ ṣe lè fi omi gàrí àti yíìsì sọ èèpo ẹ̀gẹ́ di oúnjẹ ẹran tó ní purotéènì

Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí lọ́sàn-án, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí, eṣinṣin ti bò ó, òórùn ẹ̀ ti gba àdúgbò kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sin adìẹ nítòsí ibẹ̀ ń sunkún pé fíìdì ti wọ́n jù. Èmi náà sunkún yẹn dáadáa kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè rẹ èèpo yẹn kó di oúnjẹ ẹran.

Àwọn tó ń sọ èèpo yẹn di oúnjẹ ò ṣàjèjì sí wa rárá, yíìsì tó ń mú ẹmu hó ni àti bakitéríà tó ń mú gàrí kan. Ojú ò rí wọn, àmọ́ tí wọ́n bá ti rí oúnjẹ jẹ, yíìsì lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, tẹ́ ẹ bá sì sá a gbẹ, bí ìdajì ara ẹ̀ purotéènì ni. Màlúù wo ló máa bá a du ìyẹn? Jámánì ti sin yíìsì fún oúnjẹ nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n sì ti ń ta oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Quorn ní Bìrìtéènì láti 1985, ìbátan olú kan tí wọ́n ń sin nínú táńkì ni. Nílé wa ńbí, Ganiyu Oboh tó jẹ́ olùkọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ákùúrẹ́, gbé e jáde ní 2006 pé èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi omi gàrí rẹ fún ọjọ́ 7 kúrò ní purotéènì 8.2% bọ́ sí 21.5%, sáyánáìdì, ìyẹn oró inú ẹ̀gẹ́, sì já wálẹ̀ láti 44.6 sí 6.2 míligíráàmù nínú kílò kan. Ẹ má retí 21 ní ẹ̀yìnkùlé yín o, lábú, ìyẹn ilé ìwádìí, ni wọ́n ti ṣe tiwọn, kòkòrò yẹn sì ń jẹ sítáàṣì bó ṣe ń pọ̀, nǹkan tó kù nílẹ̀ ń dín kù, ìyẹn náà wà lára ohun tó ń gbé nọ́ńbà lọ sókè.

Ó yá, iṣẹ́. Èèpo tí wọ́n bó lónìí lẹ máa gbà, kì í ṣe ti àná tó ti ń yọ̀. Ẹ ṣa ìdí ẹ̀gẹ́ tó le bí igi kúrò, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kí iyẹ̀pẹ̀ lè jáde, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ dì í sápò, ẹ fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ bíi ti gàrí. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kẹ́ ẹ fún un, tó bá dì mọ́ra tí omi ò kán, ó ti tó. Omi tó ń jáde yẹn, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ kankan sún mọ́ ọn, gbogbo wa la mọ ohun tí omi ẹ̀gẹ́ tútù ń fi ewúrẹ́ ṣe.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ṣe ni omi tí wọ́n máa fi rẹ ẹ́. Kì í ṣe omi tó jáde lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ẹ̀gẹ́, oró ló pọ̀ nínú ìyẹn. Omi àpò gàrí tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta, tó ti kan, tó ń hó ṣùùṣùù, òun lẹ máa bẹ àwọn ìyá tó ń yan gàrí pé kí wọ́n bù fún yín. Lítà kan ni mo máa ń lò fún bọ́kẹ́ẹ̀tì péńtì mẹ́rin. Mo tún máa ń po sáṣẹ́ẹ̀tì yíìsì búrẹ́dì kan mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ṣúgà díẹ̀, tó bá ti yọ fóòmù mo dà á sí i. Àwọn kan ń fi yúríà, ajílẹ̀ tí wọ́n ń fi sí oko, sí i kí purotéènì lè pọ̀ sí i, èmi ò ṣe é o: adìẹ ò lè lò ó, tẹ́ ẹ bá sì ṣi ìwọ̀n rẹ̀ fún ewúrẹ́, ó máa pa á.

Ẹ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù oníke tó mọ́, lábẹ́ ibòji, ẹ fi aṣọ bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, torí tí yíìsì bá ń rí atẹ́gùn ló ń bí sí i, tí ò bá rí, ọtí ló máa jókòó tì, bíi àwọn ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi nylon dè é pinpin títí di ọjọ́ 7. Òórùn tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ni ti ògì tó kan. Tó bá ń rùn bí òkú ẹran, tàbí tí irun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé bá hù sí i, ẹ dà á nù.

Sísá ló pa èmi lára nígbà àkọ́kọ́. Òjò ò jẹ́ kí n sá a gbẹ, mo kó o sápò pẹ̀lú ọ̀rinrin ẹ̀, nígbà tó máa di ọjọ́ kẹta ó ti bu, orí ẹ̀ rí bíi ewé ẹ̀fọ́. Ìyá tí mo ti ń gba èèpo ní kí n há orí ẹ̀ kúrò kí n lo ìsàlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ti òkè yẹn lojú rí o, oró ẹ̀ ti wọ ìsàlẹ̀." Odidi àpò kan ni mo dà nù. Torí náà ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì, ẹ máa yí i, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta oòrùn gidi, títí tó fi máa dún gbiri-gbiri lọ́wọ́. Oòrùn yẹn náà ló ń lé ìyókù sáyánáìdì lọ, kò gba iná púpọ̀, ìwọ̀n 26 lórí tẹmómítà ló ti ń hó di atẹ́gùn.

Tó bá kan fífún ẹran: ewúrẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú koríko. Adìẹ, ẹ fi rọ́pò díẹ̀ nínú àgbàdo wọn, ẹ má fi rọ́pò sóyà tàbí ẹja lílọ̀, torí yíìsì ò ní mẹ̀tíónínì tó, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì, ẹ̀gẹ́ náà ò ní in, ara adìẹ sì tún ń ná an láti fi pa oró ẹ̀gẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe é láìfi ẹja tàbí sóyà sí i, ìyẹ́ wọn máa rí jákujàku, ẹyin á dín kù.

Ẹnì kan bi mí bóyá èèyàn lè jẹ ẹ́. Rárá o. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀yìnkùlé la ti ṣe é, yíìsì púpọ̀ lára èèyàn máa ń di yúríìkì ásíìdì, làkúrègbé ló ń yọrí sí, àwọn tó ń ṣe Quorn gan-an ní láti gbé tiwọn gba inú ooru kí wọ́n lè yọ ohun tó ń fà á kúrò. Tiwa yìí, ewúrẹ́ ló ni ín.