Bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ olùdarí fíìmù láti iṣẹ́ dé iṣẹ́

Níbikíbi tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù bá péjọ sí ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán, kì í pẹ́ kí orúkọ olùdarí fíìmù náà, Kúnlé Afọláyan, tó wọ inú ọ̀rọ̀. Kò yani lẹ́nu, nítorí ọmọ Ìgbómìnà ni, Agbamu ní ìpínlẹ̀ Kwara níbí sì ni ìlú bàbá rẹ̀, Adéyẹmí Afọláyan, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Adé Love. Ẹnì kan á ní iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló dùn jù, ẹlòmíràn á ní ìgbà tó dé orí Netflix, ilé iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọwọ́ mú, wọn á sì tú ká láìfẹnu kò, nítorí fíìmù tí kálukú wò gbẹ̀yìn nìkan ló ń gbèjà tàbí tó ń bá jà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí a fi lè mọ ohun tó yí padà gan-an nínú iṣẹ́ olùdarí, àti bí a ṣe lè retí èyí tó ń bọ̀ láìtan ara wa jẹ. Òun ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí tiwa ni, ṣùgbọ́n ẹ lè lo ọ̀nà yìí fún Túndé Kèlání tàbí fún ẹnikẹ́ni tí ọkàn yín bá fẹ́.

Ẹ mú ìwé àjákọ, kí ẹ to iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdọọdún kí ẹ tó dá ẹjọ́ kankan. Lára wọn, Ìràpadà jáde ní 2006, The Figurine ní 2009, Phone Swap ní 2012, October 1 ní 2014, The CEO ní 2016, Mokalik ní 2019, Citation ní 2020, Swallow ní 2021, Aníkúlápó ní 2022, Ìjọ̀gbọ̀n ní 2023, nígbà tí ìtàn Aníkúlápó sì di eré onípele ní 2024. Bí ẹ bá ti tò ó báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ọdún méjì sí mẹ́ta ló máa ń wà láàárín fíìmù kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n láti 2019 títí di 2024 kò sí ọdún tí nǹkan tuntun kò jáde. Ọdún 2021 ni Netflix kéde àdéhùn fíìmù mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó ní láti wá onígbọ̀wọ́ kiri, kí ó sì máa retí owó tíkẹ́ẹ̀tì ilé sinimá, kò lè sáré bí ẹni tí ó ti mọ ibi tí owó iṣẹ́ tó kàn yóò ti wá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ rẹ̀ ti ń yára jù, ẹ má kọ̀ ọ́ fún un, àmọ́ ẹ bi í bóyá ọwọ́ olùdarí náà ló yí padà ni àbí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ fíìmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ẹni tó kọ eré náà, ẹni tó di kámẹ́rà mú, èdè tí wọ́n sọ, àti ibi tí òǹwòran ti kọ́kọ́ rí i. Orúkọ tó ń kọjá lẹ́yìn eré ni ẹ ó ti rí méjì àkọ́kọ́, ẹ má sì pa á nígbà tí orin ìparí bá bẹ̀rẹ̀. Ìlà òǹkọ̀wé ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Kẹ́mi Adéṣọyè ló kọ The Figurine àti Phone Swap, Túndé Babalọlá ló kọ October 1, The CEO, Mokalik àti Citation, nígbà tí Aníkúlápó jẹ́ iṣẹ́ Ṣọlá Dada. Ọ̀pọ̀ ohun tí a máa ń pè ní àyípadà olùdarí ló jẹ́ pé òǹkọ̀wé mìíràn ló dé, a ò kàn wo orúkọ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń lọ nínú October 1 ní ìdí tó dára láti wo Citation, kódà bí ìtàn méjèèjì kò tilẹ̀ jọ ara wọn.

Iṣẹ́ tó kàn ni pé kí ẹ mú fíìmù méjì tó jìnnà síra ní ọdún ṣùgbọ́n tó dá lórí ọ̀ràn kan náà, kí ẹ wò wọ́n tẹ̀léra. The Figurine àti Aníkúlápó ni mo máa ń dábàá, nítorí ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ agbára àìrí, tó kọ́kọ́ dùn tó sì wá korò, ni àwọn méjèèjì dá lé. Nínú ti àkọ́kọ́, àwọn agùnbánirọ̀ rí ère Àràrómirẹ́ nínú igbó, ọdún méje sì ni oríire fi ń wọlé tọ̀ wọ́n kí ọdún méje ìpọ́njú tó tẹ̀lé e. Síbẹ̀, eré náà kò jẹ́ kí a mọ̀ dájú bóyá òrìṣà ló ń jà tàbí ènìyàn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nínú Aníkúlápó, kò sí iyèméjì kankan: ẹyẹ àkàlà ń bẹ, òkú sì ń jí. Àyípadà gidi nìyí lójú tèmi, ó kúrò nínú ìtàn tó ń bi wá ní ìbéèrè, ó wọ inú àlọ́. Mo fẹ́ràn iyèméjì àtijọ́ náà, ó sì ń wù mí kó padà, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gbà pé fíìmù tí ó fi Yorùbá ṣe èdè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin níwájú gbogbo ayé jẹ́ ohun ìgboyà tí kò tíì ṣe ní 2009.

Ẹ tún wo nǹkan kan fínnífínní, kí ẹ lo ìmọ̀ tó wà ní ìlú yín. Ahunṣọ òfì ni Sàró nínú Aníkúlápó, Ìlọrin sì jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ òfì kò ṣàjèjì sí. Ẹ pe ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà jókòó tì yín, ẹ pa ohùn eré náà mọ́lẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó rí: bí ọwọ́ ṣe ń ju ọkọ̀ òwú láti ọ̀tún sí òsì, bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ igi ìsàlẹ̀, bóyá ara òṣèré náà mọ iṣẹ́ àbí ó kàn jókòó nídìí rẹ̀. Irú ẹ̀rí báyìí ni a fi ń mọ̀ bóyá olùdarí kan ṣì ń fara balẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ tàbí kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bákan náà ni October 1, tí ọlọ́pàá láti Àríwá, Danladi Waziri, ti wá ṣèwádìí ìpànìyàn nílùú Yorùbá ní 1960, yóò yé ará Ìlọrin ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, nítorí a mọ bí èdè púpọ̀ ṣe ń gbé pọ̀ ní àdúgbò kan.

Ní ti fíìmù tó ń bọ̀, ohun tí olùdarí fúnra rẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ rẹ̀, Golden Effects, bá sọ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú déètì, kí ẹ fi àhesọ sílẹ̀. Kí ẹ tó wo ìpolówó rẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ibi tí yóò ti jáde. Fíìmù tó ń lọ sí ilé sinimá ní láti kó èrò wọlé láti òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí nìyí tí ojú olókìkí fi máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti yé ẹni tí kò dé Nàìjíríà rí. Ẹ tún wo ohun tí ó ti kọ́ sílẹ̀. Olùdarí tí ó ní odindi abúlé fíìmù, ibi tí wọ́n kọ́ fún yíya eré, ní Ìgbòjàyè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò jọ ẹni tí yóò jáwọ́ nínú ìtàn ayé àtijọ́ láìpẹ́, nítorí náà kí ẹni tó ń retí eré apanilẹ́rìn-ín ayé òde òní bíi Phone Swap má ṣe jẹ́ kí ìrètí náà ga jù.

Bí ọjọ́ ìwò bá kù díẹ̀, kí kálukú kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó ń retí, kí ẹ pa á mọ́ sínú ìwé kan náà. Bí ó bá jẹ́ ti Netflix, kí ẹni tó ní dátà gbà á sílẹ̀ ṣáájú, kí àìsí iná má bàa da ìjókòó rú. Lẹ́yìn eré, ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, àwọn ọmọdé wa kì í fẹ́ já a ní koro, ẹ ó sì pàdánù ohun tí ojú wọn rí. Nígbà náà ni kí ẹ ṣí ìwé, kí ẹ ka ohun tí kálukú kọ sókè, kí ẹ sì fi ìlà tuntun kún àwọn ti ìṣáájú: ọdún, òǹkọ̀wé, kámẹ́rà, èdè àti ibi tí ó ti jáde.