Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ní kí wọ́n tún àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe

Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sì sí kíláàsì tí wọn kì í ti bi mí pé kí ni "b" ń wá nínú "debt". Àwọn òbí mìíràn á ní kí wọ́n kúkú tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mo fara mọ́ àtúnṣe, àmọ́ kì í ṣe èyí tí a ó kàn fi àdá ṣán lọ bí igbó. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan, ká dán an wò.

Ẹ fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà tí ẹnu kò pè, kí ẹ wá àwọn ẹbí ọ̀rọ̀ náà. "g" dákẹ́ nínú "sign", àmọ́ ẹ pe "signature", ẹ ó gbọ́ ọ kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ni "c" inú "muscle" ṣe ń dún nínú "muscular". Irú lẹ́tà yìí ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ náà tan mọ́ra. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí kò bá sí ẹbí tó ń pè é, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tó ń sọ orírun ọ̀rọ̀. "s" kò sí nínú "island" tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé ó bá "isle" tan ni wọ́n ṣe fi "s" sí i, bẹ́ẹ̀ wọn kò tan rárá. Ẹ yọ ọ́ dànù. "Debt" ló ta kókó díẹ̀: láti inú Faransé ló ti wọlé láìní "b", àwọn ọ̀mọ̀wé ló lọ mú "b" wá láti inú Látìnì. Ẹnìkan á ní "debit" ṣáà ń pè é. Òótọ́ ni, èmi á ṣì yọ ọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí: ẹ gbé àkọtọ́ tuntun yín fún ẹni tí kì í pe Gẹ̀ẹ́sì bíi tiyín. "r" ìparí "car" ń dún lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, kì í dún lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń pe "cot" àti "caught" bákan náà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀tọ̀ ni ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ní ká máa kọ ọ́ bí a ti ń pè é, ẹnu ta ni a ó tẹ̀ lé? Àkọtọ́ tí kò bá yege níbí, ẹ pa á tì, bó ti wù kó wù yín tó.

Ó ku iye ọ̀rọ̀. "Color" àti "center" tí Noah Webster, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, gbé lárugẹ dípò "colour" àti "centre" rọ́wọ́ mú ní Amẹ́ríkà, "tung" tó fẹ́ fi rọ́pò "tongue" kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1906, Ààrẹ Theodore Roosevelt pàṣẹ pé kí ilé ìtẹ̀wé ìjọba yí àkọtọ́ ọ̀rọ̀ 300 padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn aṣòfin ti kọ̀ jálẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọjá ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Mẹ́ta ni tèmi títí di ìsinsìnyí: "iland", "det" àti "tho" (dípò "though").