Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ẹ̀rọ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣọ́ ọmọ

Mo dúró sẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọdébìnrin kan yọ káàdì mẹ́ta jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó fi ọ̀kan kan ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ẹ̀rọ náà dún. Ó fi èkejì kàn án, ó dún. Ó fi ẹ̀kẹta kàn án, ó tún dún. Mo bi í pé ta ló ni méjì yòókù. "Ti àwọn ọ̀rẹ́ mi ni, mà. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn." Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé sórí fóònù àwọn ìyá wọn: ọmọ yín ti dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọkàn ìyá ti balẹ̀, ọmọ sì wà ní títì.

Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn: kí á ka káàdì sí ọmọ. Ní 2012, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ Northside nílùú San Antonio, ní Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fún nǹkan bí 4,200 akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní káàdì tí chip RFID wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń fi ìgbì rédíò sọ ibi tí káàdì wà. Owó ló sún wọn débẹ̀. Iye ọmọ tó wá sí kíláàsì ni ìjọba Texas ń wò kó tó fún wọn lówó, ọmọ tó bá sì wà lọ́gbà, tí kò sí lórí ìjókòó nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ, kò sí nínú ìṣirò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ káàdì náà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ sì kọ̀ láti dá àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ kọ́. Síbẹ̀, nígbà tó fi di oṣù Keje 2013, àwọn fúnra wọn ló pa á tì, torí iye ọmọ tó ń wá kò gòkè tó bí wọ́n ṣe rò. Ní 2012 yẹn náà, ìlú Vitória da Conquista ní Bahia, ní Brazil, fi chip sára aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ nǹkan bí 20,000 ọmọ, kí òbí lè máa gba àtẹ̀jíṣẹ́. Aṣọ náà ṣeé gbé fún ọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin onílé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan lọ bá òbí kí olùkọ́ tó fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ. Ẹ má sọ rẹ́jísítà nù. Ibi tí rẹ́jísítà àti ẹ̀rọ kò bá ti bára mu, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ.

Ẹ má sì tẹ̀lé ọmọ wọ yàrá. Ní Lower Merion, ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà kan náà, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọ́n sì fi ètò kan sínú rẹ̀ tó lè ya fọ́tò fúnra rẹ̀ bí olè bá gbé e. Wọn kò sọ fún òbí. Ní 2010, òbí kan pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n fi fọ́tò tí kọ̀ǹpútà yà nínú ilé òun ko ọmọ òun lójú. Ìwádìí wá fi hàn pé àwòrán tí ètò náà kó jọ lé ní 50,000, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń wá ti délé, kò sẹ́ni tó rántí pa ètò náà. Wọ́n san 610,000 dọ́là kí ẹjọ́ náà tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ibi tí ọmọ ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí: orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ lágbára láti ṣí kámẹ́rà níbẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé pé ẹni tí kò bá fẹ́ kó kọ̀wé padà, kí ẹ sì ka ẹni tó dákẹ́ sí ẹni tó gbà. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ Chelmer Valley ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe nìyẹn ní 2023, nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ gba owó oúnjẹ. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ààbò dátà, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni, bá wọn wí ní 2024. Ní Skellefteå, ní Sweden, àwọn òbí tilẹ̀ gbà kí ẹ̀rọ máa dá ojú ọmọ 22 mọ̀, síbẹ̀ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ààbò dátà níbẹ̀ bu owó ìtanràn 200,000 krónà lé ìlú náà ní 2019, torí ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ wà, kò rọrùn fún un láti kọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí ẹ gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́. Káàdì tó sọnù, ẹ ó ṣe òmíràn. Bí wọ́n bá jí àkọsílẹ̀ ojú ọmọ tàbí ìka rẹ̀, ibo lẹ ti fẹ́ rí òmíràn?

Ti bọ́ọ̀sì kò le: bọ́ọ̀sì ni kí ẹ máa tọpa, kì í ṣe ọmọ títí dé ilé rẹ̀.

Ẹ má sanwó fún ẹni tó ń ta ẹ̀rọ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: ibi tí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ máa wà, orúkọ àwọn tó lè ṣí i, àti ọjọ́ tí yóò pa á rẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́.