Bí mo ṣe fi EDTA wọn bí omi kànga ṣe le tó

Agbègbè Ewékorò ni kànga náà wà, lórí ilẹ̀ tó kún fún òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ọṣẹ kì í tètè hó nínú omi rẹ̀, inú kẹ́tùlù a sì máa dì funfun. Calcium àti magnesium ló ń fa ìyẹn. EDTA, kẹ́míkà kan tó máa ń di wọ́n mú, ni mo fi ka iye wọn.

EDTA wà lára irú kẹ́míkà tí wọ́n ń so mọ́ orúkọ náà chelate, tí Morgan àti Drew dá sílẹ̀ lọ́dún 1920. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ọwọ́ tí akàn fi ń há nǹkan ni wọ́n mú lò. Àwọn onímọ̀ ẹranko ṣì ń pe ọwọ́ akàn àti ti àkeekèé ní chela. Ẹnu méjì ni ọwọ́ akàn ní, ṣùgbọ́n ibi mẹ́fà ni EDTA ti ń di calcium mú: nitrogen méjì, oxygen mẹ́rin. Ẹyọ kan kì í mú ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ rọrùn.

Mo wọn 3.723 gíráàmù EDTA disodium dihydrate, mo yọ́ ọ nínú omi distilled títí ó fi pé lítà kan. Ike ni mo rọ ọ́ sí, torí pé ìgò máa ń tú calcium sí i lára bó bá pẹ́. Mo wá fi hydrochloric acid díẹ̀ yọ́ 1 gíráàmù calcium carbonate tó gbẹ, mo bomi sí i títí dé lítà kan. Bí mo bá fi bọ́fà àti aró sí 25 ml èyí, tí mo sì ń kán EDTA sí i bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gba nǹkan bí 25 ml EDTA kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì tẹ̀ síwájú.

Láti inú kànga gan-an ni mo ti bu omi, kì í ṣe láti ẹnu páìpù bàbà. 50 ml rẹ̀ lọ sínú fláàsìkì, mo fi 2 ml bọ́fà ammonia (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí) sí i kó lè dé pH 10. Ẹ ṣí fèrèsé, òórùn rẹ̀ le. Mo ti fi magnesium-EDTA díẹ̀ sínú bọ́fà náà, nítorí aró Eriochrome Black T kì í yí dáadáa láìsí magnesium. Ìyẹ̀fun ni mo lo aró náà, 0.5 gíráàmù tí mo lọ̀ mọ́ 100 gíráàmù iyọ̀. Èyí tí a bá fi omi pò tètè máa ń bàjẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó, omi náà á pọ́n bíi sóbò.

Mo wá ń kán EDTA sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. EDTA á kọ́kọ́ kó calcium, lẹ́yìn náà ló máa já magnesium gbà lọ́wọ́ aró. Nígbà tó bá di àwọ̀ àlùkò, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa jẹ́ kó já bọ́, kẹ́ ẹ sì máa mì ín. Ìgbà tí kò bá sí pupa kankan mọ́, tó di búlúù pátápátá, ni ẹ dúró. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́yìn bọ́fà, kí calcium carbonate má baà sílẹ̀. Bí pupa náà bá kọ̀ tí kò lọ, irin ló sábà máa ń di aró náà mú. Ẹ fi triethanolamine, tó máa há irin náà mọ́, sí omi mìíràn kẹ́ ẹ tó fi bọ́fà sí i.

Omi kànga náà gba 12.4 ml EDTA. ml kan rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú mg calcium carbonate kan, 50 ml sì jẹ́ ìdá ogún lítà. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20: 248 mg nínú lítà kan, bí a bá kà á bíi calcium carbonate, nígbà tó jẹ́ pé 150 ni òǹkà tó pọ̀ jù nínú NIS 554, ìlànà omi mímu Nàìjíríà. Mo tún fi sodium hydroxide gbé omi mìíràn dé pH 12, kí magnesium lè dì, mo sì lo aró murexide. 10.9 ml ló gbà: calcium ló ni 218 nínú 248 náà, magnesium ló ni 30 tó kù.