Kẹ́ ẹ tó jẹ́ káwọn èèyàn wá gbafẹ́ létí dáàmù oko yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dáàmù yẹ̀pẹ̀ kékeré lóko, yálà fún ẹja ni o, fún màlúù ni o, àbí láti fi bomi rin tòmátì lọ́gbẹlẹ̀, bí omi bá ti kún báyìí àwọn mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ láti Ìbàdàn àti Èkó á fẹ́ máa wá lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbé kúlà àti ẹran sísun wá, àwọn ọmọ á fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Kò burú rárá, ibi tómi bá wà máa ń tu èèyàn lára. Àmọ́ yẹ̀pẹ̀ ló dá gbogbo omi yẹn dúró, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ògiri yẹn ná.

Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn ín. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, lórí ògiri àti nísàlẹ̀ lápá ibi tí kò sómi, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà òjò, àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò ńlá bá rọ̀. Ẹ bẹ́ koríko ẹ̀ wálẹ̀ torí bí ẹkan bá ti ga dé àyà ẹ ò lè rí nǹkan kan. Ibi tó sán, ibi tó rì, ihò òkété, ihò akàn létí omi, gbogbo ẹ̀ lẹ máa wò. Ikán ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú wọn, torí ògán kékeré tẹ́ ẹ rí lókè yẹn, ihò tó wà lábẹ́ ẹ̀ lè gba inú ògiri kọjá lọ sápá kejì, ọjọ́ tí omi bá kún dé ojú ihò yẹn ló máa rí ọ̀nà. Ẹ má kàn fi ọkọ́ fọ́ orí ògán kẹ́ ẹ sì máa lọ o. Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi rí ayaba ikán, kẹ́ ẹ wá da amọ̀ tó tutù díẹ̀ padà síbẹ̀ ní ìpele ìpele, kẹ́ ẹ máa fi igi gún un kó tó di pé ẹ da òmíràn sí i, ìgbà tí omi bá lọ sílẹ̀ lẹ máa ṣe é.

Igi ò gbọdọ̀ hù lórí ògiri. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ á ṣe dáadáa níbẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbìn ín, àmọ́ gbòǹgbò igi tó bá kú máa jẹrà, á fi ihò sílẹ̀ nínú ògiri, bí ìjì bá sì wó igi ńlá, á hú yẹ̀pẹ̀ tìdí ẹ̀ lọ. Koríko bàhámà ni kẹ́ ẹ gbìn, ó máa ń di ilẹ̀ mú. Bí igi ńlá bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ẹ má hú u nígbà òjò, ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa dáàmù. Ẹ má sì jẹ́ kí màlúù sọ orí ògiri di ojú ọ̀nà, ẹ̀yin àlejò náà ẹ dákun, ẹ má gbé jíìpù gun orí ògiri torí ẹ fẹ́ ya fọ́tò, ojú táyà yẹn ni omi òjò máa gbà tí á fi gé ògiri wọlé.

Ó wá kan ojú ibi tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde, èyí táwọn ẹnjiníà ń pè ní spillway. Bí mo bá láṣẹ láti sọ gbólóhùn kan péré fún gbogbo ẹni tó ní dáàmù, òun ni màá sọ: ẹ má dí i, ẹ má gbé e ga. Èèyàn á ní ẹja ń sá lọ, á ta àwọ̀n síbẹ̀, ewé àti pàǹtírí á há sára àwọ̀n. Ẹlòmíràn á to àpò yanrìn síbẹ̀ kí omi lè pọ̀ sí i fún ìlúwẹ̀ẹ́ àti ọkọ̀. Omi tí kò bá rójú ọ̀nà gbà, orí ògiri ló máa gbà, ògiri yẹ̀pẹ̀ tí omi bá sì ti ń ṣàn lórí ẹ̀ kì í pẹ́ tó fi máa já. Ó yẹ kí orí ògiri fi nǹkan bíi mítà 1 ga ju ojú ibi tí omi ń gbà jáde yẹn lọ, lọ gbogbo gígùn ẹ̀, kó má sí ibì kankan tó rì sáàárín. Ẹ fi okùn àti omi inú rọ́bà wọ̀n ọ́n báwọn bíríkìlà ṣe máa ń ṣe, ojú lásán máa ń tanni.

Kẹ́ni kankan má sọ pé dáàmù tòun kéré. Ní alẹ́ May 9, 2018, dáàmù yẹ̀pẹ̀ oko àdáni kan já ní Solai, ní Nakuru lórílẹ̀-èdè Kenya, lẹ́yìn òjò ńlá, kò dín ní ẹni 47 tó kú, àwọn ará abúlé tó wà nílé ara wọn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Georgia l'Amẹ́ríkà, November 6, 1977, dáàmù Kelly Barnes já lóru lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìdílé lórí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Toccoa Falls, ẹni 39 ló kú. Látìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ iná mànàmáná tí wọ́n ń fi omi yẹn ṣe dúró ní 1957, adágún ìgbafẹ́ ló kù tí wọ́n ń lò ó fún, igi sì ti hù lára ògiri ẹ̀.

Omi tó bá ń jò nísàlẹ̀ ògiri ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí dáàmù yẹ̀pẹ̀ tí kì í jò díẹ̀. Ẹ bu omi yẹn sínú ìgò tó mọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè sójú oòrùn. Bó bá mọ́ kedere tí kò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ máa kọ ọjọ́ àti bó ṣe pọ̀ tó sílẹ̀. Bí yanrìn tàbí amọ̀ bá sùn sísàlẹ̀ ìgò, inú ògiri yín ni omi ń jẹ yẹn, kò sí ìgbafẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ lé gbogbo èèyàn kúrò, ẹ pe àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò kí wọ́n bọ́ sí ilẹ̀ gíga, ẹ tan pọ́ǹpù kí omi dáàmù máa dín kù, ẹ wá ẹnjiníà. Ẹ má fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó ti ń jáde o, omi yẹn á kàn wá ibòmíràn gbà ni, yanrìn tó ní hóró ńláńlá lẹ máa dà lé e, kẹ́ ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ lé yanrìn lórí, kí omi lè máa jáde kí yẹ̀pẹ̀ má bá a jáde. Nọ́ńbà fóònù àwọn ará ìsàlẹ̀ odò yẹn, ẹ ti gbà á sọ́wọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá di ọ̀rọ̀ omi fúnra ẹ̀. Inú ibi tí omi wà yẹn ni kátápílà sábà máa ń wa yẹ̀pẹ̀ tó fi mọ ògiri, torí náà kòtò wà nísàlẹ̀ táwọn àlejò ò mọ̀, ọmọ á máa rìn nínú omi tó mọ sí orúnkún, ìṣísẹ̀ kan péré omi á bò ó lórí, ẹrẹ̀ á sì di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, ẹ lọ wo ibi tí àwọn kòtò yẹn wà, ẹ ri ọparun mọ́lẹ̀ yí ibi tí kò jìn ká, ẹ ta okùn sí i, kẹ́ ẹ so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn. Inú okùn nìkan làwọn ọmọ ti máa ṣeré, àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ á sì dúró tì wọ́n, tí kò ní tẹ fóònù, tí kò ní mu bíà. Kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ẹnu páìpù tó ń gbé omi jáde àti ojú spillway tí omi bá ń ṣàn níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì dandan, kódà kó jẹ́ ọmọ apẹja.

Àtọ̀sí ajá tún wà ńbẹ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń gbé etí dáàmù Ọ̀yán ní Ògùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó ní in á tọ̀ sómi, kòkòrò ẹ̀ á wọ inú ìṣáwùrú, á jáde lára ìṣáwùrú, á gba awọ ara wọ ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lára. Ẹ kọ́ ṣáláńgá tó jìnnà sómi kẹ́ ẹ tó pe àlejò kankan, ẹ ro koríko létí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ torí ibẹ̀ ni ìṣáwùrú ń sá sí. Fún àwọn ọmọ kéékèèké ohun tí mo fara mọ́ jù ni kẹ́ ẹ fa omi sínú táńkì tí kò sí ìṣáwùrú nínú ẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2 gbáko, kòkòrò yẹn á ti kú, kẹ́ ẹ wá dà á sínú adágún rọ́bà fún wọn. Ẹni tó bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, praziquantel ni oògùn ẹ̀, dókítà ló máa sọ iye tó máa lò.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo oní lítà 20 kan kọ́ sára òpó létí omi, kẹ́ ẹ dé e pa dáadáa, kẹ́ ẹ so okùn tó gùn tó mítà 15 mọ́ ọwọ́ ẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń rì, kẹ́ẹ̀gì yẹn lẹ máa jù sí i, ẹ má bẹ́ sómi tọ̀ ọ́, ẹni tó ń rì máa ń di èèyàn mú mọ́lẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá ti fà á jáde tí kò mí, ẹ má dorí ẹ̀ kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ gbé e sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, ẹ di imú ẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ wá máa tẹ àárín àyà ẹ̀ nígbà 30, kẹ́ ẹ tún fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹlòmíràn máa wá mọ́tò. Bó bá sì jí tó ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣì gbé e lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ yẹn náà, torí omi tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró lè máà fi wàhálà ẹ̀ hàn àfi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.